Ìtàn Ìrònúpìwàdà Nínú Ìjọ Kristẹni

Ìrònúpìwàdà ni Jòhánù Onítẹ̀bọmi wàásù rẹ̀ létí odò Jọ́dánì, òun náà ni Jésù fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Gálílì. Ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, nígbà tí ọ̀rọ̀ gún àwọn èèyàn Jerúsálẹ́mù lọ́kàn tí wọ́n ń béèrè ohun tí àwọn lè ṣe, òun ni Pétérù kọ́kọ́ dárúkọ kó tó mẹ́nu kan ìtẹ̀bọmi. Lórí ìyẹn, àwọn ìjọ kò bára wọn jiyàn rí. Ibi tí wàhálà wà ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ti ronú pìwà dà, tó ti ṣe ìtẹ̀bọmi, tó ti jókòó ti tábìlì Olúwa, tó wá padà dá ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Ṣé ọ̀nà ìpadàbọ̀ ṣì wà fún un? Ẹ̀ẹ̀melòó ni ó lè gba ibẹ̀ kọjá? Ta ni yóò jẹ́wọ́ fún, kí ni yóò sì ṣe fún ẹni tí ó ṣẹ̀? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ni ìjọ máa ń tètè gbàgbé jù, bẹ́ẹ̀ òun ni a fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀ṣẹ̀ dun ẹlẹ́ṣẹ̀ lóòótọ́.

Òfin Mósè kò gbàgbé rẹ̀. Nínú ìwé Nọ́ḿbà orí 5, ẹni tó bá rẹ́ ọmọnìkejì rẹ̀ jẹ yóò jẹ́wọ́, yóò dá ohun tó gbà padà lódindi, yóò sì fi ìdá kan nínú márùn-ún lé e. Sákéù agbowó-òde ní Jẹ́ríkò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìlọ́po mẹ́rin ni ó ní òun yóò fi san án. Ní ìjọ Kọ́ríńtì, ọkùnrin kan ń bá aya bàbá rẹ̀ gbé, àwọn ará ìjọ sì ń yangàn níbi tó yẹ kí wọ́n ti máa ṣọ̀fọ̀. Pọ́ọ̀lù ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò láàárín wọn. Nínú lẹ́tà kejì tó kọ sí wọn, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dárí ji ẹnìkan tí wọ́n ti bá wí, kí ìbànújẹ́ àpọ̀jù má baà gbé e mì. Ọ̀pọ̀ olùtumọ̀ ìgbàanì gbà pé ẹnì kan náà ni. Ìbáwí àti ìtùnú jọ ń rìn pọ̀ lọ́wọ́ àpọ́sítélì náà. Ìwé kékeré tí wọ́n ń pè ní Didache, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìlànà ìjọ tó pẹ́ jù lọ, pa á láṣẹ pé kí àwọn onígbàgbọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wọn kí wọ́n tó bu àkàrà ní ọjọ́ Olúwa, àti pé kí ẹni tí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ ń jà má ṣe dara pọ̀ mọ́ ìjọ títí wọn yóò fi parí ìjà náà.

Ní Róòmù, ní ọ̀rúndún kejì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hermas, tó ti ṣe ẹrú rí, kọ ìwé ìran kan tí a mọ̀ sí Olùṣọ́-Àgùntàn. Ó ní ẹni tó bá ṣubú lẹ́yìn ìtẹ̀bọmi ní àǹfààní ẹ̀ẹ̀kan péré láti padà. Lójú ẹni òde òní, èyí le koko. Lójú àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, àánú ni, nítorí àwọn olùkọ́ kan wà tí wọ́n ń sọ pé kò sí ọ̀nà kankan mọ́ lẹ́yìn omi ìtẹ̀bọmi. Ẹ̀ẹ̀kan péré yìí ni àwọn ìjọ ìwọ̀-oòrùn dì mú fún nǹkan bí 400 ọdún.

Bí ẹ̀ẹ̀kan náà ṣe rí ni Tertullian kọ sílẹ̀ ní Carthage, ìlú ńlá àríwá Áfíríkà tí àwókù rẹ̀ wà ní Tùnísíà lónìí, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹta. Ẹlẹ́ṣẹ̀ á wọ aṣọ ọ̀fọ̀, á jókòó nínú eérú, á fi oúnjẹ dídùn sílẹ̀, á máa gbààwẹ̀, á máa sunkún tọ̀sán-tòru. Á dojúbolẹ̀ níwájú àwọn alàgbà, á sì máa bẹ gbogbo ará pé kí wọ́n bá òun bẹ Ọlọ́run. Ojú gbogbo ìjọ ni wọ́n ti ń ṣe é. Tertullian fúnra rẹ̀ rí i pé ìtìjú ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn sá fún un. Ó fi wọ́n wé aláìsàn tó ń fi àrùn ibi kọ́lọ́fín pamọ́ fún oníṣègùn títí ìtìjú fi pa á. Nígbà tó dàgbà, ó bọ́ sọ́dọ̀ àwọn ọmọlẹ́yìn wòlíì kan tó ń jẹ́ Montanus, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni pé ìjọ kò gbọdọ̀ dárí àgbèrè, ìbọ̀rìṣà àti ìpànìyàn jini lẹ́yìn ìtẹ̀bọmi.

Ohun tó dán ọ̀rọ̀ yìí wò gan-an ni inúnibíni késárì Decius ní ọdún 250. Decius pàṣẹ pé kí gbogbo ará ilẹ̀ ọba Róòmù rúbọ sí àwọn òrìṣà, kí wọ́n ta ọtí sílẹ̀, kí wọ́n tọ́ ẹran ẹbọ wò níwájú àwọn aṣojú ìjọba, kí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ tó lé ní 40 nínú iyanrìn Íjíbítì. Ní Carthage, àwọn Kristẹni rọ́ lọ síbi ìrúbọ kí ẹnikẹ́ni tó wá mú wọn. Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù ìlú náà, kọ ọ́ sílẹ̀ tìbànújẹ́-tìbànújẹ́ pé èrò pọ̀ débi pé nígbà tí ilẹ̀ ṣú, àwọn aláṣẹ ní kí àwọn kan padà wá lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n àwọn yẹn ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe dá àwọn dúró. Àwọn òbí gbé ọmọ ọwọ́ lọ. Àwọn olówó mìíràn kò rúbọ. Wọ́n kàn fi owó ra ìwé ẹ̀rí lábẹ́lẹ̀ ni. Àwọn díẹ̀ tó kọ̀ wà lẹ́wọ̀n, wọ́n ń jẹ ìyà, ebi pa àwọn kan kú.

Ìgbà tí inúnibíni rọlẹ̀, àwọn tó ṣubú fẹ́ padà. Ọ̀nà kúkúrú kan sì ṣí sílẹ̀ fún wọn. Àwọn tó jìyà lẹ́wọ̀n ní ọlá púpọ̀ nínú ìjọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà fún àwọn tó ṣubú pé kí a gbà wọ́n padà. Láìpẹ́, lẹ́tà náà ń jáde lóríṣiríṣi, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ dárúkọ: wọ́n kàn kọ ọ́ pé kí a gba ẹni báyìí àti gbogbo ará ilé rẹ̀. Cyprian, tó ti fara pamọ́ nígbà inúnibíni tí àwọn kan sì ń tìtorí rẹ̀ bú u, kọ̀ jálẹ̀. Kò sọ pé kí a má gbà wọ́n. Ohun tó sọ ni pé ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ jìn, a kì í yára dì í kí ẹ̀jẹ̀ burúkú tó jáde tán. Ní ọdún 251, àjọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Carthage dájọ́. Àwọn tó ra ìwé láìrúbọ lè padà lẹ́yìn ìrònúpìwàdà tí a yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó rúbọ gan-an yóò máa ronú pìwà dà títí dé ojú ikú. Nígbà tí inúnibíni mìíràn tún ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Cyprian àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba gbogbo àwọn tó ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà wọlé, nítorí wọn kò fẹ́ rán ọmọ ogun lọ sójú ìjà láìfi oúnjẹ Olúwa fún un ní okun. Novatian, àlùfáà kan ní Róòmù, kò gbà. Ó ní ìjọ àwọn ẹni mímọ́ kò gbọdọ̀ bá àwọn tó sẹ́ Kristi jẹun, ó sì dá ìjọ tirẹ̀ sílẹ̀, èyí tó wà fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìjọba Róòmù bẹ́ Cyprian fúnra rẹ̀ lórí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 258.

Nínú gbogbo ìdájọ́ tó jáde lórí ọ̀ràn yìí, ti Cyprian ló sún mọ́ ọkàn Ìwé Mímọ́ jù. Ó mọ̀ pé ìdáríjì tí kò gba omijé lójú èèyàn a máa sọ ẹ̀ṣẹ̀ di eré, ó sì mọ̀ pé ìbáwí tí kò ní òpin a máa pa ẹni tó yẹ kó wò sàn.

Ní ọ̀rúndún kẹrin, ìlànà wá di òfin tí a ń ka ọdún lé. Àjọ Nicaea ní ọdún 325 dájọ́ fún àwọn tó sẹ́ ìgbàgbọ́ lábẹ́ késárì Licinius láìsí ẹni tó fipá mú wọn: ọdún 3 láàárín àwọn olùgbọ́, ọdún 7 láàárín àwọn olùkúnlẹ̀, ọdún 2 tí wọn yóò máa bá ìjọ gbàdúrà láìjẹ Oúnjẹ Olúwa. Ọdún 12 nìyẹn. Ní ìlà-oòrùn, ipò mẹ́rin ni wọ́n pín àwọn onírònúpìwàdà sí. Àwọn asunkún dúró sí ìta, wọ́n ń bẹ àwọn tó ń wọlé pé kí wọ́n gbàdúrà fún àwọn. Àwọn olùgbọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń gbọ́ ìwàásù, wọ́n á sì jáde kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni àwọn olùkúnlẹ̀, lẹ́yìn náà àwọn olùdúró. Basil, bíṣọ́ọ̀bù Kesaríà ní Kapadókíà, kọ ọ́ pé ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ pànìyàn yóò lo ọdún 20: 4 nínú ẹkún, 5 nínú gbígbọ́, 7 lórí ìkúnlẹ̀, 4 lórí ìdúró. Ṣùgbọ́n Nicaea fúnra rẹ̀ fi àyè kan sílẹ̀, pé ẹni tó bá ń kú lọ, kí a má ṣe fi Oúnjẹ Olúwa, oúnjẹ ìrìn àjò ìkẹyìn, dù ú.

Ní ìwọ̀-oòrùn, ẹni tó ti gba ipò onírònúpìwàdà kò bọ́ nínú rẹ̀ tán láéláé. Kò ní lè ṣe ọmọ ogun mọ́, kò ní lè joyè àlùfáà, bí kò bá sì tíì gbéyàwó, kò ní gbé e mọ́. Àbájáde rẹ̀ kò ṣòro láti fojú sọ. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sún ìtẹ̀bọmi síwájú, àwọn tó ti ṣe é sì ń sún ìrònúpìwàdà síwájú dọjọ́ ikú. Késárì Constantine kò ṣe ìtẹ̀bọmi títí ó fi dùbúlẹ̀ àìsàn tó pa á ní ọdún 337. Augustine sọ nínú ìwé Ìjẹ́wọ́ rẹ̀ pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé tí àìsàn ṣe òun, wọ́n sún ìtẹ̀bọmi òun síwájú, nítorí ẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ wúwo ju ti ìṣáájú lọ. Ní ọdún 506, àjọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Agde ní ilẹ̀ Faransé tilẹ̀ kìlọ̀ pé kí àwọn àlùfáà má máa tètè fi ọ̀dọ́ sí ipò onírònúpìwàdà. Òfin tí wọ́n ṣe kí èèyàn lè bẹ̀rù ẹ̀ṣẹ̀ ti wá di ohun tí èèyàn fi ń bá ikú dúnàádúrà.

Láàárín ọ̀rúndún kẹrin yẹn ni ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣẹlẹ̀ tí ìjọ kò gbàgbé. Ní ọdún 390, ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Butheric fi awakẹ̀kẹ́ ẹṣin kan tí àwọn ará Tẹsalóníkà fẹ́ràn sí àtìmọ́lé. Àwọn èèyàn dìde, wọ́n sì pa ọ̀gágun náà. Inú bí késárì Theodosius, ó rán ọmọ ogun sí ìlú náà, wọ́n sì ṣá àwọn èèyàn balẹ̀ láìbéèrè ẹlẹ́bi. Theodoret, tó kọ ìtàn ìjọ ní ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e, fi iye àwọn tó kú sí 7,000. Ambrose, bíṣọ́ọ̀bù Milan, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà sí késárì pé òun kò ní lè bójú tó tábìlì Olúwa níwájú rẹ̀ àyàfi bó bá ronú pìwà dà bí Dáfídì. Theodosius bọ́ aṣọ ọba, ó sunkún nínú ìjọ níwájú gbogbo èèyàn, wọ́n sì gbà á padà nígbà Kérésìmesì. Pé ọba tí kò sí ẹni tó lè mú un kúnlẹ̀ bí ará ìlú lásán jẹ́ ohun ńlá. Síbẹ̀, omijé késárì ni àwọn òǹkọ̀wé ìgbà náà tẹnu mọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn opó àti ọmọ òrukàn Tẹsalóníkà kò rí àyè nínú ìròyìn wọn.

Ọ̀nà mìíràn ń là lọ́wọ́ nínú aṣálẹ̀ Íjíbítì. Àwọn mọ́ńkì tó sá kúrò ní ìlú kò dúró de ẹ̀ṣẹ̀ ńlá kí wọ́n tó ronú pìwà dà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é, ọ̀dọ́ wọn a sì máa tú èrò ọkàn rẹ̀ palẹ̀ fún àgbà kan tó lè tọ́ ọ sọ́nà. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà ni Moses ará Etiópíà, tó ti ṣe olórí àwọn ọlọ́ṣà rí. Wọ́n ránṣẹ́ pè é sí ìpàdé tí wọ́n fẹ́ fi dá ẹjọ́ arákùnrin kan tó ṣẹ̀. Moses gbé ìkòkò tó ń jò kọ́ èjìká, omi ń ro lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó ní ẹ̀ṣẹ̀ òun ń dà sílẹ̀ lẹ́yìn òun, òun kò sì rí i, òun wá ń bọ̀ wá dá ẹlòmíràn lẹ́jọ́. Wọ́n dárí ji arákùnrin náà. Augustine pẹ̀lú parí ayé rẹ̀ lọ́nà àwọn mọ́ńkì yìí: ní ọdún 430, nígbà tí ogun yí Hippo, ìlú rẹ̀, ká, ó ní kí wọ́n kọ àwọn sáàmù ìrònúpìwàdà kí wọ́n sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn òun, ó ń kà wọ́n pẹ̀lú ẹkún títí ó fi kú, bíṣọ́ọ̀bù arúgbó tí kò sí ẹni tó fẹ̀sùn kàn án.

Àṣà aṣálẹ̀ yìí ló dé Ireland, níbi tí àwọn mọ́ńkì ti ń darí ìjọ. Níbẹ̀, ìjẹ́wọ́ kúrò ní gbangba, ó di ohun àárín ẹni méjì, èèyàn sì lè padà wá bí ẹ̀ṣẹ̀ bá tún mú un. Wọ́n kọ àwọn ìwé tó to ẹ̀ṣẹ̀ àti ìbáwí rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: iye ọjọ́ tàbí ọdún tí èèyàn yóò fi jẹ búrẹ́dì tó sì mu omi lásán, iye sáàmù tí yóò kà, ìtọrẹ àánú tí yóò ṣe. Finnian ní ọ̀rúndún kẹfà ló kọ ọ̀kan nínú àwọn tó ṣáájú. Columbanus, tó rìn láti Ireland lọ sí ilẹ̀ Faransé ní nǹkan bí ọdún 590 tó sì kú ní Bobbio ní Ítálì ní 615, ló gbé àṣà náà dé àárín gbùngbùn Yúróòpù. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ kò kọ́kọ́ fẹ́ ẹ. Ní 589, kí àṣà Ireland tó gbilẹ̀ níbẹ̀, àjọ Toledo ní Sípéènì bínú sí àwọn tó ń bẹ àlùfáà fún ìdáríjì nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ti ṣẹ̀. Ní 829, àjọ Paris ní kí wọ́n sun àwọn ìwé Ireland náà níná. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìjọ ti mú un.

Wọ́n sábà máa ń fi àwọn ìwé wọ̀nyí ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n dá owó lé ẹ̀ṣẹ̀ lórí bí ọjà. Ẹni tó bá fara balẹ̀ kà wọ́n yóò rí ohun tí àwọn àjọ ńláńlá gbójú fò. Columbanus kọ ọ́ pé ẹni tó pànìyàn yóò kúrò ní ìlú fún ọdún 3, láìmú ohun ìjà, pẹ̀lú búrẹ́dì àti omi. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ó padà, kí ó san ẹ̀san fún àwọn ẹbí ẹni tó pa, kí ó sì máa tọ́jú àwọn òbí òkú bí ọmọ. Níhìn-ín, ìyá tó ń ṣọ̀fọ̀ wọnú ìrònúpìwàdà apànìyàn. Nicaea kò ronú dé ibẹ̀, Ambrose pàápàá kò sọ ọ́. Àléébù tó wọlé lẹ́yìn ìgbà náà ni pàṣípààrọ̀: ẹni tí ààwẹ̀ ọdún kan bá ṣòro fún lè fi sáàmù tàbí owó àánú rọ́pò rẹ̀, ìgbà tó sì yá, olówó lè san owó fún ẹlòmíràn láti bá a gbààwẹ̀.

Ìrònúpìwàdà gbangba kò kú tán. Àwọn tó ṣẹ̀ gba eérú sórí ní ìbẹ̀rẹ̀ Lẹ́ńtì, wọ́n sì gbà wọ́n padà kí Àjíǹde tó dé. Ní àjọ Benevento ní 1091, Póòpù Urban Kejì ní kí gbogbo onígbàgbọ́, àlùfáà àti ọmọ ìjọ, ọkùnrin àti obìnrin, gba eérú náà. Ohun tí ẹlẹ́ṣẹ̀ ńlá nìkan ń gbà tẹ́lẹ̀ di ti gbogbo èèyàn, Ọjọ́rú Eérú tí àwọn ìjọ ilẹ̀ wa ń ṣe lónìí sì ti ibẹ̀ wá. Àwọn ọba pẹ̀lú ṣì ń kúnlẹ̀. Henry Kẹrin ti Jámánì dúró fún ọjọ́ 3 nínú òtútù ìrì dídì níwájú ilé olódi Canossa ní oṣù Kìíní ọdún 1077 kí Póòpù Gregory Keje tó gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣèlú pọ̀ nínú ìyẹn ju ẹkún lọ. Henry Kejì ti Ìlú Ọba fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ sí ibojì Thomas Becket, bíṣọ́ọ̀bù àgbà tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pa, ní Canterbury ní 1174, ó sì jẹ́ kí àwọn mọ́ńkì na òun lẹ́gba.

Òfin tó yí gbogbo rẹ̀ padà jáde ní Róòmù ní 1215, ní Àjọ Lateran Kẹrin. Ìpín 21 nínú rẹ̀ pa á láṣẹ pé kí gbogbo Kristẹni, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó ti tó mọ rere yàtọ̀ sí búburú, jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún àlùfáà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán, kí ó sì jẹ Ara Olúwa nígbà Àjíǹde. Ẹni tó bá kọ̀, kò ní wọ ilé Ọlọ́run nígbà ayé rẹ̀, wọn kò sì ní sin ín bí Kristẹni bó bá kú. Òfin náà ní kí àlùfáà máa ṣe bí oníṣègùn tó ń wádìí ọgbẹ́ jẹ́jẹ́. Àlùfáà tó bá sì tú àṣírí ìjẹ́wọ́, wọn yóò gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, wọn yóò sì tì í mọ́ ilé àwọn mọ́ńkì kó máa ronú pìwà dà níbẹ̀ títí ayé rẹ̀. Ìdè ìpamọ́ yẹn kò tíì yẹ̀ nínú ìjọ Kátólíìkì di òní.

Ìgbà tí ìjẹ́wọ́ ti di ọ̀ranyàn, pàṣípààrọ̀ àtijọ́ tún yọjú pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Ìwé ìdáríjì, èyí tó ń mú ìyà tó kù lẹ́yìn ìjẹ́wọ́ kúrò, ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ogun ìsìn tí Urban Kejì kéde ní Clermont ní 1095. Póòpù Boniface Kẹjọ fi fún àwọn arìnrìn-àjò ìsìn sí Róòmù ní ọdún Júbílì 1300, Sixtus Kẹrin sì nà án dé ọ̀dọ̀ àwọn òkú tó wà ní pọ́gátórì, ibi ìwẹ̀nùmọ́ lẹ́yìn ikú, ní 1476. Ní 1515, Leo Kẹwàá fún Albrecht, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìlú Mainz, láyè láti tà á ní Jámánì. Ìdajì owó náà wà fún kíkọ́ ilé ìjọsìn Pétérù Mímọ́ ní Róòmù. Ìdajì kejì ni Albrecht fi ń san gbèsè tó jẹ ìdílé Fugger, àwọn ayánilówó tó fún un lówó tó fi dé ipò rẹ̀. Johann Tetzel ló ń kiri wàásù ọjà náà.

Martin Luther jẹ́ mọ́ńkì tó ń jẹ́wọ́ débi pé ó lè lo wákàtí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹ̀rù á sì tún máa bà á pé ó gbàgbé ẹ̀ṣẹ̀ kan. Nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ Wittenberg kọjá ààlà lọ ra ìwé Tetzel, tí wọ́n sì ń fi í han ẹni tó ń gba ìjẹ́wọ́ wọn pé àwọn kò nílò àtúnṣe ìwà mọ́, kò lè dákẹ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1517, ó gbé kókó 95 jáde. Èyí àkọ́kọ́ sọ pé gbogbo ayé onígbàgbọ́ ni Kristi fẹ́ kó jẹ́ ìrònúpìwàdà. Wọ́n máa ń pe ọ̀rọ̀ yẹn ní ohun tuntun, ṣùgbọ́n Moses ará Etiópíà ìbá gbọ́ ọ yé. Luther kò pa ìjẹ́wọ́ fún àlùfáà rẹ́. Ohun tó mú kúrò ni ọ̀ranyàn àti ìṣirò.

Àwọn ìjọ Yúróòpù wá pín. Àjọ Trent ti ìjọ Kátólíìkì fìdí ìjẹ́wọ́ kíkà lọ́kọ̀ọ̀kan múlẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá 1551, Póòpù Pius Karùn-ún sì fòpin sí ìwé ìdáríjì olówó ní 1567. Charles Borromeo, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Milan, ló tan àpótí ìjẹ́wọ́ tó ní ìdábùú oníhò kálẹ̀, kí àlùfáà àti ẹni tó ń jẹ́wọ́ má baà rí ara wọn. Ní Geneva, John Calvin àti àwọn alàgbà ń jókòó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti bá àwọn aláṣemáṣe wí. Ní Scotland, orí àpótí ìrònúpìwàdà ni ẹlẹ́ṣẹ̀ ń jókòó sí níwájú ìjọ. Ìjọ Ìlú Ọba yan ọ̀nà àárín: láti 1552, Ìwé Àdúrà rẹ̀ fi ìjẹ́wọ́ gbogbo ìjọ ṣáájú àdúrà òwúrọ̀ àti ti alẹ́. Samuel Ajayi Crowther túmọ̀ Ìwé Àdúrà náà sí Yorùbá, ọ̀pọ̀ ará ilẹ̀ wa tí kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà sì há ìjẹ́wọ́ náà sórí. Ó dára, ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo èèyàn jọ ń sọ pọ̀ lè di ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ láti inú ọkàn.

Ohun tí John Wesley, olùdásílẹ̀ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, rí nìyẹn láàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Ní 1738, ó ṣe òfin fún àwọn ẹgbẹ́ kékeré tí wọn yóò máa pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti jẹ́wọ́ àṣìṣe wọn fún ara wọn, gẹ́gẹ́ bí Jákọ́bù ṣe kọ ọ́. Ní 1742, ìjọ Bristol jẹ gbèsè ilé ìjọsìn wọn, wọ́n sì pín ara wọn sí ìsọ̀rí èèyàn bíi 12, èyí tí wọ́n ń pè ní kíláàsì, kí olórí kọ̀ọ̀kan máa lọ gba kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ wọn nílé. Bí àwọn olórí ṣe ń wọlé tọ ọmọ ìjọ ni wọ́n rí ọtí àmupara, ìjà tọkọtaya àti gbèsè tí wọn kò fẹ́ san. Ètò owó di ètò ìtọ́jú ọkàn. Thomas Birch Freeman gbé ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé Badagry ní oṣù Kẹsàn-án 1842, kíláàsì àti olórí kíláàsì sì di ohun tí gbogbo Mẹ́tọ́díìsì ilẹ̀ Yorùbá mọ̀.

Ilẹ̀ tí ìhìn náà bọ́ sí kò ṣàjèjì sí ìjẹ́wọ́. Aboyún tí ìrọbí bá le fún, wọ́n a ní kó jẹ́wọ́ bó bá ti ṣe ìṣekúṣe. Ẹni tó bá jẹ èèwọ̀ ìlú yóò ṣe ètùtù. Ohun tó ṣòro fún àwọn oníwàásù ni ọ̀rọ̀ ìyàwó púpọ̀. Bí olóbìnrin mẹ́ta bá ronú pìwà dà, ṣé kó lé méjì lọ ni? Ní Lambeth ní London ní 1888, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà pinnu pé kí wọ́n má ṣe tẹ olóbìnrin púpọ̀ bọmi, kí ó máa kẹ́kọ̀ọ́ títí yóò fi wà nípò láti gba òfin Kristi. Àwọn ìyàwó rẹ̀ lè gbà á nígbà mìíràn bí àwọn aláṣẹ ìjọ ibẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn ọdún 3, ní Lagos, àwọn kan ya kúrò láti dá United Native African Church sílẹ̀, wọ́n sì gba àwọn olóbìnrin púpọ̀ mọ́ra.

Ní oṣù Keje 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye ní Iléṣà. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó ti ń wa ẹ̀rọ ìtẹ̀nà fún ìjọba kí ó tó gbọ́ ìpè ní 1928, ló ń wàásù. Àwọn èèyàn ń kó òrìṣà àti oògùn wọn wá fún sísun, wọ́n ń jẹ́wọ́ ní gbangba, àwọn mìíràn jẹ́wọ́ àjẹ́ àti ìpànìyàn. Carthage ìgbà Tertullian tún padà wáyé, láìsí ọdún tí a ń kà, láìsí ìpín asunkún àti olùgbọ́. Christ Apostolic Church ti inú ìsọjí yìí jáde. Àwọn ìjọ tó dìde lẹ́yìn rẹ̀, pàápàá Deeper Life tí William Kumuyi bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ Bíbélì ní Lagos ní 1973, gbé ẹ̀kọ́ Sákéù sókè: ẹni tó jalè yóò dá a padà, ẹni tó fi èrú gba ìwé ẹ̀rí yóò jẹ́wọ́ rẹ̀ fún àwọn tó fún un, ẹni tó ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́ yóò lọ bẹ̀ ẹ́. Kò sí ibi tí ẹni tí a ṣẹ̀ ti ní ipò tó bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn yìí láti ìgbà Columbanus.

Àwọn ìyàwó olóbìnrin púpọ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ wọn kò tíì yanjú nígbà náà, nítorí ìrònúpìwàdà ọkọ lè sọ obìnrin tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni di aláìnílé. Ní 1988, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà tún pàdé ní Lambeth, ọgọ́rùn-ún ọdún gééré lẹ́yìn ìdájọ́ àkọ́kọ́, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà sì wà níbẹ̀. Wọ́n di ìlànà ìyàwó kan mú gẹ́gẹ́ bí ohun tí Ọlọ́run fẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n pinnu pé olóbìnrin púpọ̀ tó bá gba ìhìn rere lè ṣe ìtẹ̀bọmi pẹ̀lú àwọn ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ tó gbàgbọ́, bí ìjọ ìbílẹ̀ bá gbà á, bí òun náà bá sì ṣèlérí pé òun kò ní fẹ́ ẹlòmíràn níwọ̀n ìgbà tí èyíkéyìí nínú wọn bá wà láàyè. Wọ́n fi kún un pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fipá mú un lé ìyàwó kankan lọ, nítorí ìyà tí obìnrin náà yóò jẹ láwùjọ.